Kọfí Àárọ̀ Ítálì àti Ojú Ìyá Mi

Ilé wa, Ṣakí,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Rálíátù Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ tó ń rìn nílẹ̀ àlejò, mo kí òtútù tó ń bá ọ fínra. Ìyá rẹ ní kí n bá òun kí ọ lákànṣe.

Ó yẹ kí n pè ọ́ lórí fóònù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn kan tán, wàá ti ní, “Bàbá, mo wà dáadáa, ẹ má ṣèyọnu,” ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìwé kì í jẹ́ kí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti tábìlì tí mo fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ nígbà tí mo ṣì jẹ́ tíṣà. Bí mo bá parí, ẹ̀gbọ́n rẹ á fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, á fi ránṣẹ́ sí ọ. Jọ̀wọ́, má kà á lórí ìdúró nínú ọkọ̀ ojú irin.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o pè wá pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ nọ́ọ̀sì pátápátá ní ilé ìwòsàn ìlú kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè, ní ìhà àríwá Ítálì. A yọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá rẹ ti kéde rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Lẹ́yìn náà lo wá ń ṣàlàyé bí o ṣe ń gbé. O ní o ti kúrò lọ́dọ̀ Fọlákẹ́, ọmọ Ìsẹ́yìn tí ẹ jọ ń gbé yàrá láti ọdún mẹ́rin, o ti gba ilé tìrẹ, o sì ń dá gbé. O ní kò sí ohun tó kù ọ́ kù: kọfí àárọ̀ wà ní báà, makaróní wà lọ́jọ́ Àìkú, irin gbígbóná sì wà lára ògiri tó ń mú ilé lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá rẹ béèrè bóyá kí òun fi èlùbọ́ ránṣẹ́. O rẹ́rìn-ín. O ní, “Màámi, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, mi ò jẹ ẹ́ mọ́.” Lẹ́yìn náà lo sọ èyí tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti ọjọ́ náà: o ń bọ̀ wálé níparí ọdún, ṣùgbọ́n hòtẹ́ẹ̀lì lo máa dé sí, torí pé ara rẹ ò lè gba ilé tí iná kì í dúró, tí omi gbígbóná ò sí, tí kọfí ò sí.

Ìyá rẹ ní, “Ó ṣáà ń bọ̀.” Ó gbé fóònù kalẹ̀.

Èmi jókòó síbi tí mo wà. Kì í ṣe pé inú bí mi, Àṣàkẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, ẹnu ara mi ni mo ti gbọ́ ọ.

O mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́ ní kám̀pù àwọn Ítálì kí n tó di tíṣà. Ohun tí o mọ̀ nípa rẹ̀ ò ju makaróní tí mo máa ń sè fún yín nígbà Iléyá lọ. Ìyókù, mi ò sọ ọ́ fún ọmọ kankan rí. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Àwọn Ítálì ń la ọ̀nà gba inú igbó ọ̀dàn wa, wọ́n sì tẹ kám̀pù wọn dó sẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Ilé pákó ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ iná wọn kì í kú, omi gbígbóná ń tú láti inú ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú yàrá lójú ooru oṣù Ẹrẹ́nà. Ibi ìfọ̀wo ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí. Kò pé ọdún kan tí mo fi di kúùkù ẹnjiníà kan tí gbogbo wa ń pè ní Sínyọ̀.

Ènìyàn rere ni Sínyọ̀. Ó fi ìyá àti ìyàwó sílẹ̀ lókè òkun, ó sì ń fi àwọn nǹkan kéékèèké kan mú ara rẹ̀ dúró níbi. Láàárọ̀, n ó gbé ìkòkò kọfí irin kékeré kan kaná, kọfí á máa hó gùrọ̀gùrọ̀, òun á sì mu ún dúdú nínú ife tí kò ju ife oògùn ọmọdé lọ. Lọ́sàn-án, makaróní ni, kò sì gbọdọ̀ rọ̀ jù; ó ní egungun díẹ̀ gbọdọ̀ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Bó bá jẹun tán, á sùn. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn, á ya irun, á máa rìn láti ẹnu géètì dé ibi tí àwọn lọ́rì ń dúró sí, á tún padà, á máa kí gbogbo ẹni tó bá rí. Igbó ló yí wa ká o! Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìlú òun nírọ̀lẹ́ nìyẹn, bí òun ò bá ṣe é, òun ò ní mọ̀ pé ọjọ́ ti kọjá.

Mo kọ́ gbogbo rẹ̀ lára rẹ̀. Mo ń mu kọfí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Mo ń fi òróró ólífì jẹ búrẹ́dì. Mi ò lè fi omi tútù wẹ̀ mọ́, èmi tí wọ́n bí sí Ago-Amodu, tó jẹ́ pé odò la ti ń wẹ̀ nígbà ọyẹ́!

Ní ọdún kan, òjò rọ̀ títí omi fi gbé afárá lọ ní ìsàlẹ̀ Ìsẹ́yìn. Lọ́rì tó ń kó oúnjẹ bọ̀ láti Èkó ò lè kọjá. Ní ọjọ́ kẹta, kọfí tán. Orí wá ń fọ́ Sínyọ̀, ó fi aṣọ di orí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ó ju àwo kan mọ́ ògiri. Orí tèmi náà ń fọ́. Dírẹ́bà kan ní kí n jẹ́ ká mu ògì gbígbóná, mo bú u bí ẹni tó jí mi lówó.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá mi dé. Ó ti gbọ́ ní Ago-Amodu pé oúnjẹ ò dé kám̀pù mọ́, ó sì wọkọ̀ láti ìhà Ṣakí, níbi tí ọ̀nà ṣì dára. Ó ru igbá kan. Wàrà wà nínú rẹ̀, ẹtù yíyan wà nínú rẹ̀, èlùbọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú oyin ìgò kan. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lójú gbogbo wa, ó ń pe oríkì mi. Ojú tì mí, Àṣàkẹ́. Mo ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ wá? Ṣé irú èyí la ń jẹ níbí ni?”

Ó sọ igbá kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Sínyọ̀ jáde pẹ̀lú aṣọ lórí. Ó bi mí ta ni. Mo ní ìyá mi ni. Ọ̀gbẹ́ni yìí sáré, ó gbé àga tirẹ̀ fún un, ó bẹ̀rẹ̀ kí i pẹ̀lú Yorùbá tí kò délé tí kò dóko: “Ẹ káàbọ̀, Màámà, ẹ kú ilé!” Ìyá mi ṣí wàrà fún un. Ó tọ́ ọ wò. Ó ní irú rẹ̀ ni ìyá òun ń ṣe nílé, láti ara wàrà àgùntàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì jẹ ẹ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú igbá, kò nù ún.

Ìyá mi wò ó títí. Ó ní, “Ọmọ ẹnì kan ni eléyìí. Ebi ilé ló ń pa á.” Ó wá yíjú sí mi. “Ìwọ ńkọ́, Àjàní? Ebi kí ló ń pa ìwọ?”

Mo sìn ín dé ẹnu géètì, ó lọ.

Ibi tó burú ṣì wà níwájú. Nígbà Iléyá tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ago-Amodu. Ìyá mi ti gbá yàrá mi, ó ti tẹ́ ẹní tuntun, ó ti ra àtùpà tuntun torí mi. Mo jẹun. Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà débi pé ó korò, mo sì sọ ọ́ síta: “Ìyá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ bu iyọ̀ sí i ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ ogbó dé. Nígbà tó ń bu omi fún mi, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ ife. Mo rò pé àìfarabalẹ̀ ni. Mo ní mi ò lè sùn, ooru pọ̀, ẹ̀fọn pọ̀, mo ní ilé tó dára níbi iṣẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀ mo ti wà nínú ọkọ̀ kám̀pù. Ó sìn mí jáde, ó di apá ṣẹ́ẹ̀tì mi mú títí a fi dé ẹnu ọkọ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ló jẹ́ kó dì mí mú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, aládùúgbò wa kan wá bá mi ní kám̀pù. Ó ní, “Ìyá rẹ rìn wọ inú iná àárò rẹ̀ lánàá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jó. Kò ríran mọ́, Àjàní, ṣé o ò mọ̀ ni?”

A gbé e lọ bá dókítà ojú. Ó ní àìsàn náà ti ń jẹ ojú náà fún ìgbà pípẹ́, ìbá ṣe pé a tètè gbé e wá, òun ì bá rí nǹkan ṣe. Ojú òsì ti lọ. Ojú ọ̀tún ń rí òjìji lásán. Mo kúnlẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ní, “Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

Ó ní, “Ìgbà wo ni ǹ bá sọ ọ́? O kì í jókòó.”

Ìwọ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àgbà tó máa ń fọwọ́ pa ojú yín kó tó mọ̀ yín yàtọ̀ síra. Ẹ rò pé ogbó ló fọ́ ọ lójú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo sọ yìí. Ká ní mo sùn nínú yàrá yẹn fún ọjọ́ méjì péré, ǹ bá ti rí i bó ṣe ń fọwọ́ pa ògiri wá ilẹ̀kùn ní ilé ara rẹ̀.

Mo fi kám̀pù sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo tọ́jú ìyá mi, mo lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, mo sì mú un wá sí Ṣakí nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ. Ó dárí jì mí láìjẹ́ pé mo bẹ̀bẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ kan, ó ní kí n se oúnjẹ àwọn aláwọ̀ funfun yẹn kí òun tọ́ ọ wò. Mo se makaróní. Ó fi ọwọ́ pa á nínú àwo, ó ní, “Ó dà bí aràn.” Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ó ń lọ lọ́nà ọ̀fun o.”

Ó dáa. Ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ fi èyí kọ́ ọ, ó sì yẹ kí n tò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi ò tò.

Èkíní, kọfí. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé báà lo máa ń lọ láràárọ̀, ìyá rẹ mú tẹ̀sùbáà, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà. Èmi ni mo ṣàlàyé fún un pé báà tiwọn kì í ṣe ilé ọtí bíi tiwa, pé ìdúró ni wọ́n ti ń mu kọfí níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, tí bàbá arúgbó á máa ka ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mu ún. Ó dùn, èmi mọ̀. Ṣùgbọ́n o ní bí o kò bá mu ún, orí á fọ́ ọ títí di ọ̀sán. Ọmọ mi, ohun tó bá lè mú orí ẹni fọ́ ti di ọ̀gá ẹni. Máa fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kó lè rántí pé ìwọ lo ra òun. Ọjọ́ tí o bá sì lọ, má mu ún tán kó o sáré jáde. Mọ orúkọ ẹni tó ń pò ó fún ọ. Bi í léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí a kò bá rí ọ, ẹnì kan ní ìlú yẹn á bi ẹnì kejì pé, “Nọ́ọ̀sì wa dà?” Ìlú tí o ti ń dá gbé yìí, mi ò mọ ẹni tó máa kanlẹ̀kùn rẹ bí o bá ṣàìsàn. Èyí ń dààmú mi ju òtútù lọ.

Èkejì, makaróní ọjọ́ Àìkú. O ní ìwọ nìkan lo máa ń jókòó jẹ ẹ́, o ní ó máa ń tù ọ́ lára. Sínyọ̀ sọ fún mi pé nílé àwọn, ọjọ́ Àìkú ni gbogbo mọ̀lẹ́bí máa ń yí tábìlì ká, tí ìyá àgbà á wà lórí àga ńlá, tí àwọn ọmọdé á máa jà nísàlẹ̀ tábìlì, ọbẹ̀ tòmátì yẹn á sì ti wà lórí iná láti àárọ̀. Ẹni tó bá ń dá a jẹ, èèpo rẹ̀ ló ń jẹ. Bí obìnrin kan níbi iṣẹ́ rẹ bá ní kí o wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú, lọ. Má ní ó ti rẹ̀ ọ́. Gbé nǹkan dání. Kí o sì béèrè kí o tó tọ́ ọbẹ̀ wò, torí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń sá pamọ́ sínú ọbẹ̀ wọn, ọtí èso àjàrà náà sì máa ń wà níbẹ̀. Wọn kì í bínú sí ẹni tó bá béèrè. Èmi ò béèrè nígbà tèmi, ojú ń tì mí kí wọ́n má pè mí ní ará oko, mo sì jẹ ohun tí mo ṣì ń tọrọ àforíjì rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run títí dòní.

Ẹ̀kẹta kò gùn. Àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, tí wọ́n fi ń ṣan ìdí, dúpẹ́ fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i ní kám̀pù, mo rò pé ibi ìfọsẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún mi, mo ní àwọn wọ̀nyí àti àwa ò jìnnà síra. Oorun ọ̀sán wọn náà, máa sùn ún, pàápàá bí o bá ti ibi iṣẹ́ òru dé. Mi ò ní kí o kọ ohun rere. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ohun rere di ògiri.

Ẹ̀kẹrin, ìrìn ìrọ̀lẹ́. O sọ nígbà kan pé wọ́n máa ń jáde rìn ní gbàgede ìlú, pé àwọn ìyá arúgbó máa ń gbé àga síta tí wọ́n á máa wo ẹni tó ń kọjá. O ní ìwọ máa ń gba ẹ̀yìn kọjá kí wọ́n má baà máa wò ọ́. Jẹ́ kí wọ́n wò ọ́! Ṣé àwọn ìyá tiwa kì í wo àlejò ni? Dúró, kí wọn, tẹrí ba díẹ̀ fún wọn bí a ṣe tọ́ ọ. Àwọn á bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Sọ fún wọn. Bí ẹnì kan ò bá dáhùn ìkíni rẹ, kí ẹni tó tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ọkàn Sínyọ̀. Mi ò gọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a lè re ilé kí a má dé ilé. Èmi ṣe é rí. Mi ò ní kí o fìyà jẹ ara rẹ. Sùn sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Iná á lọ, mi ò ní parọ́ fún ọ. A ó fi igi gbé omi kaná fún ọ. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, bí ara rẹ kò bá gbà á, èmi fúnra mi ni màá gbé àpótí rẹ lọ síbi tí o bá fẹ́, mi ò sì ní fajú ro.

Mo ti fẹ́ dúró síbí. Ìyá rẹ ka ìwé yìí dé ibí, ó ní ó tó, kí n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síbí, mo ti ṣe ohun tí mo ń dá ìyá mi lẹ́bi rẹ̀. Nítorí náà mo ń kọ èyí lẹ́yìn tó wọ ilé ìdáná lọ.

Ìyá rẹ ṣubú ní oko kajú ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. A sọ fún ọ pé ibà ni. Kì í ṣe ibà. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló sán. Ó ti ń san, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn, kò sì lè dìde láìsí ẹni tó máa fà á. Nígbà tí o bá pè wá lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, a ti máa ń gbé e jókòó kí n tó gbé fóònù, a á ti ọ̀pá bọ abẹ́ àga. O kò tíì rí i lórí ìdúró láti ìgbà yẹn. Bí o bá dé sí hòtẹ́ẹ̀lì, tí o wá kí wa fún wákàtí méjì, orí àga náà lo máa bá a, á múra, á lé tìróò, á máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín, wàá sì padà sí Ítálì pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Ó ti pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò yìí, mo sì rí ìyá mi níbẹ̀. Má bínú sí wa. A ò fẹ́ kí o fi ìbẹ̀rù ṣe iṣẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀. Dókítà ní egungun náà á tò, kò sì sí ewu fún ẹ̀mí rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ náà gan-an ni wàá gbọ́.

Mo ti sọ tiwa. Ó wá ku tìrẹ.

Ọdún mẹ́rin ni ìwọ àti Fọlákẹ́ fi gbé pọ̀. Ẹ jọ kọ́ èdè wọn, ẹ jọ gbààwẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ wú ní ọdún kejì, òun ló ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, o dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, o sì yára bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kọfí. Mo pàdé bàbá rẹ̀ lọ́jà aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tẹ́lẹ̀, a máa ń dúró sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi ro wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó kí mi, ó ní àwọn kan ń retí òun, ó lọ. Mi ò bi í. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì, Àṣàkẹ́? Ṣé ìjà ni? Ṣé ọkùnrin kan ló wọ àárín yín? Ṣé o jẹ̀bi ni, àbí òun ló ṣẹ̀ ọ́? Ṣé ìtùnú lo ń wá nínú ilé gbígbóná yẹn, àbí o ń sá fún nǹkan? Mo ti bi ara mi ní gbogbo rẹ̀, mi ò rí ìdáhùn.

Ohunkóhun tó bá jẹ́, kọ ọ́ fún mi bí mo ṣe kọ tèmi. Mo sọ ọ̀rọ̀ tó burú sí ẹni tó bí mi lójú gbogbo ayé, ó sì ń ro oúnjẹ fún mi títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi lè di orógùn mú mọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ òbí. Kò sí ohun tí o lè sọ tí ìyá rẹ àtèmi á fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ.

Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ tuntun náà. Á fi ẹni rere sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ.

Èmi bàbá rẹ,
Àjàní.